Kò Sí Ohun Tó Ṣe Ojú Ìyá Mi

Ó ṣeé ṣe kí àwòrán àbúrò mi wà lára ògiri yàrá ọmọ yín. Òun ni wọ́n ń pè ní Ológbò, ẹni tó máa ń jà nínú fíìmù, tó jẹ́ pé bó bá fò láti òkè, á fi ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀, á wá wo kámẹ́rà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun.

Àwọn oníwèé ìròyìn ti kọ oríṣiríṣi nǹkan nípa ìgbà èwe rẹ̀. Wọ́n ní láti kékeré ló ti ń fi ọwọ́ fọ́ búlọ́ọ̀kù. Irọ́ ni. Láti kékeré, ohun tí àbúrò mi ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe ni pé ó ń fi bo ojú.

Mi ò wá tú àṣírí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù yẹn ti sú u. Ohun tí èmi ṣe sí ìyá wa ni mo wá bá yín sọ.

Bàbá wa kú nígbà tí àbúrò mi ṣì ń rákò. Tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyá wa, Ìyá Tíṣà sì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Nígbà tó di pé ojoojúmọ́ ni àbúrò mi ń gbé ẹ̀wù yíya bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́, wọ́n mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ kàràté, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn káfíńtà kan. Wọ́n ní kí èmi máa tẹ̀ lé e lọ, kó má baà yà síbòmíì lójú ọ̀nà.

Orí bẹ́ǹṣì ni mo máa ń jókòó sí. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá tó ń kọ́ wọn yíjú sí mi.

"Ìwọ, ṣé kó o máa mú bẹ́ǹṣì yẹn gbóná nìkan ni wọ́n ṣe rán ẹ wá?"

Bí èmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ká sọ tòótọ́, àbúrò mi mọ kàràté. Ó mọ gbogbo ìdúró, ó mọ orúkọ wọn, ọwọ́ rẹ̀ sì dùn ún wò bíi ti ẹni tó ń jó. Kìkì pé ó ń bẹ̀rù kí wọ́n lu òun, ó sì ń bẹ̀rù ibi tó bá ga. Ọ̀gá wa máa ń sọ pé tó bá ku ọmọ yìí nìkan nínú yàrá, kò sẹ́ni tó lè nà án.

Ní tèmi, mi ò tíì mọ orúkọ ìdúró wọ̀nyẹn tán títí dòní. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé mi ṣubú, mo máa ń dìde. Mo sì fẹ́ràn kí n máa fò.

Àbúrò mi ti di géńdé nígbà tí olùdarí fíìmù kan gun àtẹ̀gùn wa wá. Ọkùnrin náà máa ń dijú kan tó bá ń wo èèyàn, bíi pé kámẹ́rà ló wà lójú kejì. Ó wo gbogbo wa yíká. Ó nàka sí àbúrò mi.

"Ojú tí mò ń wá nìyí."

Ọ̀gá wa ní, "Ojú nìkan?"

"Ojú ló ń ta fíìmù. A máa rí nǹkan ṣe sí ìyókù."

Èmi ni ìyókù yẹn. Mi ò tíì mọ̀ nígbà náà ni.

Bíi ti tẹ́lẹ̀, ìyá wa ní kí n tẹ̀ lé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù náà. Ilé alájà mẹ́ta kan tí ẹnikẹ́ni ò gbé ni. Wọ́n ti kó mátíráàsì sí ìsàlẹ̀, wọ́n ní kí àbúrò mi sá eré láti inú yàrá kan, kó fò láti bákónì kan bọ́ sórí èkejì. Ó lọ síwájú, ó wo ìsàlẹ̀, ó padà sẹ́yìn, ó jókòó. Ó ní okùn bàtà òun tú.

Bàtà náà ò ní okùn.

Ó yọ́ wá bá mi níbi tí mo dúró sí.

"Àǹtí, ẹ gbà mí."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ní kí n fò."

"O ò wá ní fò ni?"

"Rárá." Bí ẹni pé tíì ni wọ́n fi lọ̀ ọ́. "Wọ́n á sì lé mi. Bẹ́ẹ̀ Màmá ti sọ fún gbogbo èèyàn."

Òótọ́ ni. Ìyá wa ti sọ fún ọkùnrin tó ń wá ka mítà iná pàápàá.

Kí n tó fèsì, olùdarí ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ó di ojú kan, ó wo àbúrò mi, ó wò mí.

Ó ní, "Ẹ ga bákan náà. Ẹ ò sì sanra jura yín lọ. Ṣé ìwọ lè fò ó?"

"Mo lè fò ó."

"Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbọ́ o. Tí wọ́n bá mọ̀ pé obìnrin ló ń bá a fò, fíìmù ti kú nìyẹn."

Mo rò ó títí mo fi wọ bàtà rẹ̀ tán. Wọ́n fi aṣọ dúdú tí wọ́n lu ihò méjì sí bò mí lójú. Mo sáré, mo sì fò.

Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi. Lórí bẹ́ǹṣì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ayé mi, lọ́jọ́ náà ni gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ gbójú sókè tí wọ́n ń wò mí. Bí mo ṣe balẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n kúrò lójú kámẹ́rà. Àbúrò mi wá dúró síbi tí mo balẹ̀ sí, ó ṣí aṣọ dúdú kúrò lójú, ó wo kámẹ́rà. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Ó tẹrí ba fún wọn.

Ó dùn mí díẹ̀. Kò dùn mí débi tí mi ò fi ní padà wá lọ́jọ́ kejì.

Fíìmù àkọ́kọ́ yẹn ló sọ ọ́ di Ológbò. Àwọn ọmọdé ń fò láti orí ògiri kiri àdúgbò, àwọn ìyá wọn sì ń bú àbúrò mi. Tí mo bá ń kọjá, tí mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ fífò yẹn, mo máa ń dín ìrìn kù.

Olùdarí pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Bá mi ṣe èkejì yìí. Ẹ̀kẹta, tìẹ ni. Ojú tìẹ la máa rí."

Mo gbà á gbọ́. Ẹni tí wọ́n bá ti bo lójú, ohun tó máa ń wù ú gbọ́ nìyẹn.

Mo sọ fún ìyá wa pé mo ti ríṣẹ́ sí ilé ìtajà bàtà kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ẹ̀yìn mi ti bó, wọ́n bèèrè ohun tó ṣe mí.

"Páálí bàtà ló já lù mí, Màmá."

"Bàtà ẹṣin ló wà nínú ẹ̀ ni?"

Wọ́n gbé omi gbígbóná wá, wọ́n ń ki aṣọ bọ̀ ọ́, wọ́n ń fi tẹ̀ mí lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

"Ọ̀gá tó ni ibẹ̀, ṣé èèyàn dáadáa ni?"

"Èèyàn dáadáa ni, Màmá."

"Bá mi sọ fún un kó má máa to páálí ga tó bẹ́ẹ̀ yẹn mọ́."

Mo ní màá sọ fún un. Nígbà tí wọ́n ní àwọn máa wá ra sálúbàtà lọ́dọ̀ wa, mo ní wọ́n ń kun ilé ìtajà náà lọ́dà. Ọ̀dà yẹn ò gbẹ fún oṣù bíi mélòó kan.

Ìyá wa ò rí fíìmù àkọ́kọ́ dáadáa, torí nǹkan funfun ti bo ojú wọn nígbà náà. Wọ́n ní àwọn kàn rí nǹkan kan tó kọjá fìrì. Kí èkejì tó jáde, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, iṣẹ́ náà sì yọrí sí rere. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìdọ̀tí tí èmi ò rí ní ilé ìdáná. Inú gbogbo wa dùn. Èmi ni ó yẹ kí n ronú síwájú sí i.

Ọ̀sán Sátidé kan ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fíìmù kejì jáde. Ìlà iwájú ni àbúrò mi jókòó sí pẹ̀lú olùdarí, ó wọ kóòtù tí kò jẹ́ kó lè tẹ ìgbọ̀nwọ́. Èmi àti ìyá wa wà lẹ́yìn wọn. Àwọn akọ̀ròyìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Nínú fíìmù náà, Ológbò máa ń sáré lórí òrùlé gígùn kan, á fò, á balẹ̀ sórí lọ́rì tó ń lọ. Nígbà tí ó kan ibẹ̀, gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Wọn ò fi orin sí i. Ibẹ̀ gan-an ni ìyá mi ti sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ohùn tí tíṣà fi ń bá àwọn tó wà lẹ́yìn kíláàsì sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi obìnrin nìyẹn."

Mo ní, "Màmá, ẹ rọra."

"Kì í ṣe àbúrò ẹ. Ìwọ ni. Wo èjìká ọ̀tún tó gbé sókè. Bó o ṣe máa ń sáré nìyẹn látìgbà tó o ti mọ ìrìn."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi yíjú padà, ẹ̀rù hàn lójú rẹ̀. Olùdarí náà yíjú padà, ó di ojú kan, ó fi èkejì wò mí. Akọ̀ròyìn kan ti mú bírò jáde.

"Àǹtí, ṣé lóòótọ́ ni? Ṣé ẹ̀yin lẹ fò?"

Mo gbé ọwọ́ lé èjìká ìyá mi. Mo rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú," mo wí fún un. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún wọn ni. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ọ̀rọ̀ wọn ò fi bẹ́ẹ̀ já geere mọ́."

Ọ̀rọ̀ ojú yẹn nìkan ìbá tó. Èyí tí mo fi kún un, kò sẹ́ni tó rán mi.

Ìyá mi wò mí. Wọn ò bínú. Wọ́n wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó mọ ìdáhùn, tó wá kọ nǹkan míì sílẹ̀. Wọ́n yíjú padà sí fíìmù.

Ọ̀rọ̀ náà jáde nínú ìwé ìròyìn, wọ́n sì fi àánú kọ ọ́. Wọ́n ní ìyá Ológbò ò dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́, kí a máa fi wọ́n sínú àdúrà.

Àwọn ará àdúgbò ò dúró sórí àdúrà nìkan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn òkè bá ìyá wa sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ará ilé kejì wọlé, ó kó ìṣáná kúrò ní ilé ìdáná wọn, ó ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Ìyá wa wà níbẹ̀ tí ó ń kó o. Wọ́n bá a ṣílẹ̀kùn.

Èyí tó dùn wọ́n jù ni ti àwọn ọmọ ẹ̀kọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò níwèé ní pálọ̀ lọ́sàn-án. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọmọ wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Ẹ sinmi díẹ̀, Ìyá Tíṣà." "A óò mú un padà wá tí ara bá ti le." Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo wọlé, mo bá wọn níwájú pátákó, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ wọn, kò sẹ́ni tó jókòó.

Wọ́n ní, "Jọ̀ọ́, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé kì í ṣe ìwọ lo fò yẹn?"

Ẹ wò ó, àwa méjì péré la wà níbẹ̀. Kò sí akọ̀ròyìn, kò sí olùdarí. Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta ti sún mọ́lé, èyí tí wọ́n máa fi ojú mi hàn.

"Kì í ṣe èmi, Màmá."

Wọ́n mi orí. "Ó dáa. Á jẹ́ pé ojú mi ló ń tàn mí."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní àwọn ìbéèrè kan. Wọ́n á na aṣọ sí mi. "Ṣé pupa lèyí?" Wọ́n á tọ́ka sí ojú pópó. "Ṣé èèyàn ló ń bọ̀ yẹn?" Pupa ni. Èèyàn ló ń bọ̀. Màá dá wọn lóhùn, wọ́n á sì dúpẹ́.

Àbúrò mi ló ní ká gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Mo ní, "Dókítà kí ni? O mọ̀ pé kò sóhun tó ṣe wọ́n."

"Àwọn èèyàn ń wò wá, Àǹtí. Wọ́n á ní a ò tọ́jú wọn."

"Ìwọ àti èmi mọ ẹni tó fò."

"Mo mọ̀," ló sọ, ṣùgbọ́n ó ní láti kọ́kọ́ rántí. Àwọn èèyàn ti yìn ín fún fífò yẹn tó bẹ́ẹ̀ tí òun náà ti ń gbà á gbọ́.

A sì gbé wọn lọ. Dókítà náà jẹ́ obìnrin kan tó rọra ń sọ̀rọ̀. Ó bi ìyá wa pé ọjọ́ wo lòní, wọ́n sọ ọ́. Ó ní kí wọ́n ka oókan dé ogún látẹ̀yìn wá síwájú, wọ́n kà á bí omi. Ó wá ti ìwé rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Màmá, wọ́n ní ẹ sọ nílé sinimá pé ọmọ yín obìnrin ló fò. Lónìí, ta lẹ rò pé ó fò?"

Ìyá mi wo àbúrò mi. Wọ́n wo èmi náà. Wọn ò kánjú.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi ọkùnrin ni."

"Ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú. Ṣé ẹ lè bá mi kọ ọ́ sínú ìwé, kí àwọn òbí lè dá àwọn ọmọ padà?"

Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì gbé bírò. "Ó dáa gan-an, Màmá. Ara yín ti ń balẹ̀."

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ dáadáa. Tíṣà ni ìyá mi látìgbà ọ̀dọ́ wọn. Ó ti wá di pé kí wọ́n tó lè gbà pé orí wọn pé, àfi kí wọ́n purọ́. Èmi ni mo sì gbé wọn dé orí àga yẹn.

Mo ní, "Dókítà, èmi ni."

"Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Èmi ni mo fò. Àwọn fífò tó kù náà, èmi ni."

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. Ó wo àbúrò mi. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn èèyàn wà ní kọ̀rọ̀, òun ni àbúrò mi tẹjú mọ́.

Dókítà ní, "Nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ta gan-an ni aláìsàn mi?"

Mo yíjú sí ògiri, mo ká ẹ̀wù mi sókè lẹ́yìn, kó lè rí àpá tí irin lọ́rì dá sí mi lára. Mo gbọ́ tí àga ìyá mi ró. Wọ́n tẹ̀ síwájú láti wò ó.

"Páálí bàtà," ni wọ́n sọ.

Kò sẹ́ni tó lù mí láyé mi tó dùn mí tó yẹn.

Nígbà tó ṣe, àbúrò mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ yẹn náà ló ṣì ń wò. "Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mi ò fò rí. Ẹ̀rù ibi gíga máa ń bà mí." Ohùn tó fi sọ ọ́ kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń sọ ìwọ̀n bàtà rẹ̀ fún oníṣọ́ọ̀bù. Omi kàn ń dà lójú rẹ̀ ni.

Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá akọ̀ròyìn yẹn, tó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ìyà ọ̀rọ̀ náà jẹ ẹ́. Tó bá jáde, àwọn ọmọdé á máa pariwo tẹ̀ lé e, "Ológbò, Àǹtí ẹ dà?" Olùdarí lé àwa méjèèjì. Mo rán an létí fíìmù kẹta. Ó di ojú méjèèjì lọ́tẹ̀ yìí, ó ní òun ò rántí.

Àbúrò mi wà nílé títí irùngbọ̀n fi kún un lẹ́nu. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gun àtẹ̀gùn àwọn káfíńtà lọ sókè. Ọ̀gá wa bi í pé kí ló ń wá.

"Ẹni tó máa nà mí ni mò ń wá, ọ̀gá."

Ọ̀gá wa pè mí. Mo nà án. Mi ò ní sọ pé kò dùn mọ́ mi.

Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, àti lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó yé e tán pé ìnà kì í pa èèyàn, a bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ibi gíga. Orí àga ló ti kọ́kọ́ fò, ó sì bì lẹ́yìn rẹ̀. Ó ṣẹ́ lápá, ó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, ó ṣì ń bọ̀. Ó pẹ́ kí olùdarí míì tó gbà á, ohun tó sì kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ olùdarí náà ni pé kí kámẹ́rà má kúrò lójú òun láti ìgbà tí òun bá bẹ̀rẹ̀ eré títí òun á fi balẹ̀. Torí náà, gbogbo fífò tí ọmọ yín ń rí báyìí, àbúrò mi ló fò ó. Ẹ̀rù ṣì ń bà á. Ó máa ń bì kó tó lọ.

Èmi ni mò ń kọ́ àwọn èèyàn lókè ṣọ́ọ̀bù káfíńtà báyìí. Ojú mi ti wọ fíìmù lẹ́ẹ̀kan ṣá. Èmi ni obìnrin tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kọjá.

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ ti padà sọ́dọ̀ ìyá mi. Ará ilé kejì ò tíì dá ìṣáná padà.

Lọ́jọ́ tá a kúrò lọ́dọ̀ dókítà, inú ọkọ̀ ni mo kúnlẹ̀ sí, láàárín ìjókòó, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní, "Dìde, mo ti dárí jì ẹ́." Wọ́n sì ti dárí jì mí lóòótọ́. A jọ ń jẹun, a jọ ń rẹ́rìn-ín, wọn ò gbé ọ̀rọ̀ náà dìde rí. Mo rò pé ó ti tán.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka èyí, tó bá ti wà lẹ́nu yín láti sọ fún ẹni tó fẹ́ràn yín pé ohun tó fojú ara rẹ̀ rí kọ́ ló rí, ẹ gbé e mì. Mo ti rí ìdáríjì gbà, mo sì mọ ohun tí kò bá a wá.

Lánàá, mo wọlé ní ìrọ̀lẹ́, mo sọ fún ìyá mi pé òjò ti ń rọ̀ níta.

Wọ́n ní, "O ṣeun." Wọ́n rọra dìde, wọ́n lọ sídìí fèrèsé, wọ́n na ọwọ́ síta. Wọ́n fà á wọlé, wọ́n wò ó, wọ́n fi etí aṣọ wọn nù ún.

"Òótọ́ ni," ni wọ́n sọ fún mi.